Ẹ má tẹ̀ka sórí ìwé tí ẹ kò tíì kà

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà sọ ní Ṣábẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ tún un kà kí ó lè wọ̀ yín lára. Ẹ̀yin tí ẹ kò sí níbẹ̀, ẹ jókòó, kí ẹ kà á díẹ̀díẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan bá le, ẹ padà sẹ́yìn, kí ẹ tún un kà. Kò sí ẹni tí ń lé yín.

Ọ̀rọ̀ òní kì í ṣe ọ̀rọ̀ iṣu tàbí ọ̀rọ̀ ẹ̀pà. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ń ṣiṣẹ́ gba owó lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni. Ẹ ń ṣiṣẹ́ níbì kan. Ọ̀gá kan wà níbẹ̀ tí kò fẹ́ràn yín. Ẹ mọ̀ ọ́n lójú, ẹ mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Ó ń wá ọ̀nà tí yóò fi lé yín. Kí ni ẹ máa ṣe?

Ẹlòmíràn lè wí pé: “Àgbẹ̀ ni mí. N kò ní ọ̀gá.” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ kò bímọ? Ọmọ yín kan lè máa gé ìrèké. Ọmọ yín kan lè máa ṣọ́ ilé ní Parakou. Ọmọ yín obìnrin lè máa fọ́ kajú ní ilé iṣẹ́, nítorí pé láti oṣù kẹrin ọdún 2024 ni ìjọba Benin ti fi òfin de títa kajú tútù sí òkè òkun, kí a lè máa fọ́ ọ nílé. Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo wa.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi

Mo ní ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ ìyá mi ni. Ó ṣọ́ ilé iṣẹ́ kan lóru fún ọdún méje. N kò ní dárúkọ ibẹ̀. Ní ọdún méje náà, kò sí ohun tí ó sọnù níbẹ̀. Òjò kò dí i lọ́wọ́, àìsàn kò dá a dúró.

Ọ̀gá tuntun dé. Ẹ̀gbọ́n mi lọ bá a, ó ní: “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, wọn kò tíì san owó ìsinmi mi láti ọdún méjì.” Láti ọjọ́ náà ni ojú ọ̀gá ti yí padà. Kò kí i mọ́. Bí ó bá rí i, a wo ibòmíràn. Àwọn ènìyàn sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ọ̀gá fẹ́ fi ẹni tirẹ̀ sí ipò náà. Ẹ̀gbọ́n mi ní Ọlọ́run ń bẹ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀gá pè é wọ inú ọ́fíìsì. Ó fún un ní àga. Ó rẹ́rìn-ín sí i. Ó ní: “Owó ìsinmi rẹ nìyí. Tẹ̀ka síbí.” Owó náà jẹ́ 30.000 fráǹkì. Inú ẹ̀gbọ́n mi dùn. Ìwé mẹ́ta ni wọ́n gbé síwájú rẹ̀. Ó tẹ̀ka sórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó dúpẹ́, ó lọ sílé.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, nígbà tí ó dé ẹnu ọ̀nà, ẹlòmíràn ló bá níbẹ̀. Wọ́n ní: “Ìwọ ni o fi iṣẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ. Ìwé wà.”

Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni ni mo wà nígbà náà. Mo wá sílé nígbà ìsinmi. Ó mú ẹ̀dà ìwé kan jáde láti inú àpò rẹ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́. Mo kà á. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni pé, òun fúnra òun fi iṣẹ́ sílẹ̀, kò sí ẹni tí ó fi agbára mú òun, àti pé òun ti gba gbogbo owó òun, kò ku kọ́bọ̀. Ìwé náà ni èdè Faransé ń pè ní démission.

Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó wo àtàǹpàkò rẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́.

A jọ lọ sọ́dọ̀ alábòójútó iṣẹ́ ti ìjọba. Ó gbà wá dáadáa. Ó pe ọ̀gá. Ọ̀gá mú ìwé wá. Alábòójútó bi ẹ̀gbọ́n mi pé: “Ṣé àtàǹpàkò rẹ nìyí?” Ẹ̀gbọ́n mi kò lè purọ́. Ó ní: “Tèmi ni.” Ọ̀rọ̀ parí. Ọdún méje gba orí àtàǹpàkò kan lọ.

Ẹ̀yin ará, nítorí ọjọ́ náà ni mo ṣe ń ṣe iṣẹ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Ẹ̀yin tí ẹ ti lè ka ìwé yìí, ẹni kan kò tún lè ṣe yín bẹ́ẹ̀, àfi bí ẹ bá yára tẹ̀ka.

Ibi tí a ti bá ìwé pàdé

Ní ayé àtijọ́, bí ẹ bá bá ẹni kan ṣiṣẹ́ oko, tí ìjà dé, àgbààgbà a jókòó sábẹ́ igi. Wọn a gbọ́ tẹnu yín, wọn a gbọ́ tẹnu onílẹ̀. Ẹnu ni ẹjọ́ wà.

Ní Ṣábẹ̀ wa níbí, nǹkan yí padà nígbà tí ilé iṣẹ́ ṣúgà dé. Ní 1975 ni ìjọba Benin àti ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀. Bí a bá pín ilé iṣẹ́ náà sí 100, Benin ní 49, Nàìjíríà ní 46, ilé iṣẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Lonrho ní 5. Wọ́n gbin ìrèké sórí ilẹ̀ tí ó lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ní 2003, ilé iṣẹ́ àwọn ará Ṣáínà tí ń jẹ́ Complant yá a, wọ́n sì sọ ọ́ ní SUCOBE.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa fi ọkọ́ sílẹ̀, wọ́n gba àdá ìgérèké. Wọ́n mọ ohun tí ń jẹ́ owó oṣù. Wọ́n mọ ohun tí ń jẹ́ iṣẹ́ onígbà: nígbà ìkórè, wọn a pè yín, nígbà tí ìkórè bá tán, wọn a ní kí ẹ máa lọ. Ẹnu kọ́ ni ẹjọ́ wà mọ́. Inú ìwé ló wà. Ẹni tí kò mọ̀wé, ó dà bí ẹni tí kò sí níbi tí wọ́n ti ń dá ẹjọ́ rẹ̀.

Ta ló ṣe òfin iṣẹ́?

Òfin iṣẹ́ kò já bọ́ láti ọ̀run. Àwọn òṣìṣẹ́ ló jìyà kí ó tó wà.

Gbogbo wa la mọ ojú irin tí ó gba Ṣábẹ̀ kọjá, tí ó ti Kútọnu lọ sí Parakou. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 1947, àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ní ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà da iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn ti Dahomey, èyí tí a ń pè ní Benin láti 1975, wà nínú wọn. Kí ni wọ́n ń fẹ́? Wọ́n fẹ́ kí òfin kan náà de òṣìṣẹ́ dúdú àti òṣìṣẹ́ funfun. Ní ojú irin Dakar sí Niger, ìyanṣẹ́lódì náà kò parí títí di ọjọ́ 19 oṣù kẹta ọdún 1948. Ó lé ní oṣù márùn-ún. Ebi pa wọ́n, ebi pa ọmọ wọn.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kejìlá ọdún 1952, Faransé ṣe òfin iṣẹ́ fún àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn òmìnira, orílẹ̀-èdè wa ṣe tirẹ̀. Òfin ńlá kan jáde ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 1998. Òmíràn jáde ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2017 lórí bí a ṣe ń gba ènìyàn síṣẹ́ àti bí a ṣe ń lé e kúrò.

Ohun tí òfin wí

Ẹ gbọ́ ọ, kí ẹ sì há a sórí.

Èkíní: ọ̀gá kò gbọdọ̀ lé òṣìṣẹ́ tí àdéhùn rẹ̀ kò ní ọjọ́ ìparí láìsí ìdí tòótọ́. “N kò fẹ́ràn ojú rẹ” kì í ṣe ìdí. “O wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́” kì í ṣe ìdí. “O lọ fi ẹjọ́ sun ìjọba” kì í ṣe ìdí. Ó gbọ́dọ̀ kọ ìwé, kí ó sì sọ ìdí náà sínú rẹ̀.

Èkejì: bí kì í bá ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, ọ̀gá gbọ́dọ̀ sọ fún yín ṣáájú kí ọjọ́ ìkúrò tó dé. Faransé ń pè é ní préavis. Nínú òfin 1998, oṣù kan ni ti òṣìṣẹ́ tí ń gba owó oṣù, oṣù mẹ́ta sì ni ti àwọn ọ̀gá kéékèèké àti ńláńlá. Bí kò bá fẹ́ kí ẹ ṣiṣẹ́ ní àkókò náà, kí ó san owó rẹ̀.

Ẹ̀kẹta: ẹ ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi tí a ń sanwó fún. Ọjọ́ iṣẹ́ méjì ni fún oṣù kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó ṣiṣẹ́ ọdún kan ní ọjọ́ 24. Bí wọ́n bá lé yín kí ẹ tó gba ìsinmi náà, wọ́n gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin: aboyún ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 14. Ọ̀gá kò gbọdọ̀ lé e nígbà ìsinmi náà.

Ẹ̀karùn-ún: láti oṣù kìíní ọdún 2023, owó oṣù tí ó kéré jù lọ ní Benin ti di 52.000 fráǹkì. Ṣáájú, 40.000 ni.

Ẹ̀kẹfà: bí iṣẹ́ bá parí, ọ̀gá gbọ́dọ̀ fún yín ní ìwé tí ó fi hàn pé ẹ ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀, láti ọjọ́ báyìí dé ọjọ́ báyìí. Certificat de travail ni Faransé ń pè é. Bóyá ìjà ni ẹ jà o, bóyá àlàáfíà ni ẹ fi túká o, ẹ̀tọ́ yín ni.

Ṣùgbọ́n n kò ní tàn yín jẹ. Àdéhùn onígbà yàtọ̀. Bí wọ́n bá gbà yín fún oṣù mẹ́fà, ọ̀gá kò lè já a kí oṣù mẹ́fà tó pé, àfi bí ẹ bá ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, tàbí bí ẹ̀yin méjèèjì bá gbà bẹ́ẹ̀, tàbí bí ohun tí ó ju agbára ènìyàn lọ bá ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí oṣù mẹ́fà bá pé, ó lè sọ pé ó tó. Kò lé yín: ọjọ́ ló pé. Òfin 2017 sì fún ọ̀gá láyè láti máa tún irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ṣe léraléra. Nítorí náà, ẹ wo ìwé àdéhùn yín. Ẹ wá ọjọ́ ìparí nínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kí ó bá yín lójijì. Ẹ máa gbin iṣu yín lọ.

Ọgbọ́n mẹ́rin tí ọ̀gá tó kórìíra ènìyàn ń dá

Ọ̀gá tí ó mọ òfin kì í dédé sọ pé “mo lé ọ.” Ó ń wá bí ẹ̀yin fúnra yín yóò ṣe ṣubú.

Ọgbọ́n kìíní: ìwé tí ẹ kò kà. Ẹ ti gbọ́ ti ẹ̀gbọ́n mi. Bí wọ́n bá gbé ìwé wá, ẹ sọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé: “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n mú un lọ sílé, kí n kà á, n ó mú un padà wá lọ́la.” Bí ó bá ní rárá, ẹ má tẹ̀ka. Bí ó bá jẹ́ pé owó ni wọ́n ń san, ẹ ka owó náà, kí ẹ wo iye tí ó wà nínú ìwé. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé òfìfo láéláé. Ìwé òfìfo tí a fọwọ́ sí, ilẹ̀kùn tí a ṣí sílẹ̀ fún olè ni.

Ọgbọ́n kejì: “Máa lọ sílé, n ó pè ọ́.” Ọ̀gá lé yín lọ sílé pẹ̀lú ẹnu. Ẹ jókòó, ẹ ń retí. Ọjọ́ mẹ́ta kọjá. Ó kọ ìwé pé ẹ pa iṣẹ́ tì, pé ẹ kò wá. Kí ni ẹ máa ṣe? Ẹ sọ pé: “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ fún mi.” Bí kò bá kọ ọ́, ẹ padà wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ní àkókò iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín rí yín ní ẹnu ọ̀nà. Ẹ kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀. Ní ọjọ́ náà gan-an, ẹ kọ lẹ́tà sí i pé: “Mo wá síbi iṣẹ́, ẹ kò jẹ́ kí n wọlé.”

Ọgbọ́n kẹta: ìwé ìbéèrè àlàyé. Faransé ń pè é ní demande d'explication. Ọ̀gá á kọ ọ́ pé: “Kí ló dé tí o pẹ́? Kí ló dé tí o ṣe báyìí?” Lónìí kan, lọ́la òmíràn. Ó ń kó wọn jọ bí ẹni tí ń kó igi ìdáná jọ. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ a bínú, wọn a ya ìwé náà, tàbí kí wọ́n má dáhùn. Èyí kò dára. Ẹni tí kò dáhùn, ó dà bí ẹni tí ó gbà. Ẹ dáhùn gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ìwé, ní kúkúrú, láìsí èébú. Ẹ sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ọjọ́, aago, àti ẹni tí ó rí i. Bí ẹ bá jẹ̀bi, ẹ gbà á, kí ẹ sọ pé kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Ẹ pa ẹ̀dà kan mọ́.

Ọgbọ́n kẹrin: ìbínú. Ó á bú yín níwájú ènìyàn. Ó á bú ìyá yín. Ó ń retí kí ẹ gbé ọwọ́ sókè. Bí ẹ bá gbé ọwọ́ sókè pẹ́rẹ́n, ẹ ti fún un ní ẹ̀ṣẹ̀ ńlá tí ó ń wá. Ẹ lọ láìgba préavis, ẹ lọ láìgba nǹkan kan. Àwọn àgbà ní ìbínú kò ṣe nǹkan fún ni, sùúrù ni baba ìwà. Kì í ṣe pé ẹ máa gba ìyà o. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ fi bíìkì jà, kí ẹ má fi ọwọ́ jà.

Ẹ sì jẹ́ kí n fi èyí kún un: ẹ má fúnra yín fi ọ̀bẹ lé e lọ́wọ́. Ẹ dé lásìkò. Ẹ má mu ọtí lọ síbi iṣẹ́. Ẹ má mú ohun tí kì í ṣe tiyín, bí ó tilẹ̀ ṣe ìṣó kan. Bí ara yín kò bá dá, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kí ẹ gba ìwé dókítà, kí ẹ fi ránṣẹ́ kíákíá. Òṣìṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ó ṣòro fún ọ̀tá rẹ̀ láti rí ibi dì í mú.

Ìwé kékeré kan

Ìyá kan wà nínú kíláàsì wa. Ó máa ń se oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ níbì kan. Nígbà tí ó kọ́ bí a ṣe ń kọ nọ́ńbà àti orúkọ ọjọ́, ó ra ìwé kékeré kan. Lálaalẹ́ ni ó ń kọ nǹkan sínú rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń fi í rẹ́rìn-ín. Ohun tí ó ń kọ kò ju báyìí lọ:

“Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù kẹta. Mo dé ní aago 6. Mo kúrò ní aago 5.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 oṣù kẹta. Mo dé ní aago 6. Ọ̀gá ní kí n máa lọ, kí n má wá mọ́. Ẹni méjì wà níbẹ̀.”

Nígbà tí wọ́n dé iwájú alábòójútó iṣẹ́, ọ̀gá ní ìyá náà kì í ṣe òṣìṣẹ́ òun, pé ó kàn ń wá nígbà tí ó bá wù ú. Ìyá náà ṣí ìwé rẹ̀. Oṣù 14 wà níbẹ̀, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú aago rẹ̀. Alábòójútó ní kí ọ̀gá mú ìwé tirẹ̀ jáde. Ọ̀gá kò ní ìwé kankan.

Ṣé ó gba iṣẹ́ rẹ̀ padà? Rárá. N kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n wọ́n san owó oṣù tí ó kù, owó préavis àti owó ìsinmi rẹ̀ fún un. Ó fi í bẹ̀rẹ̀ òwò gàrí.

Nítorí náà, ẹ ra ìwé kékeré kan lónìí. Ẹ máa kọ ọjọ́ àti aago sínú rẹ̀. Ní iṣẹ́ tí kì í ṣe ti oko, wákàtí 40 ni òfin fi sí ọ̀sẹ̀ kan. Èyí tí ó bá lé, owó rẹ̀ yàtọ̀. Ẹ máa kọ owó tí wọ́n san àti ọjọ́ tí wọ́n san án. Ẹ kó gbogbo ìwé owó oṣù yín, èyí tí Faransé ń pè ní bulletin de paie, sínú àpò kan. Ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà CNSS yín wà níbẹ̀. CNSS ni àpótí tí a ń tọ́jú owó ogbó sí. Nínú 100 fráǹkì owó oṣù yín, wọ́n ń yọ 3,6 fún owó ogbó, ọ̀gá sì gbọ́dọ̀ fi 6,4 tirẹ̀ kún un. Ọ̀gá kan lè yọ tiyín, kí ó má sì san án. Ẹ lọ béèrè lọ́dọ̀ CNSS nígbà tí iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá lé yín.

Ẹ má fi àwọn ìwé náà sí ibi iṣẹ́. Ilé ni kí ẹ kó wọn sí, níbi tí ikán kò ti lè dé.

Igi kan kì í dá igbó ṣe

Níbi tí òṣìṣẹ́ bá ti tó 11, òfin ní kí wọ́n yan aṣojú òṣìṣẹ́. Délégué du personnel ni Faransé ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé ẹ̀dùn yín lọ bá ọ̀gá. Ọ̀gá kò lè lé aṣojú yìí láìjẹ́ pé alábòójútó iṣẹ́ ti ìjọba fọwọ́ sí i. Nítorí náà, ẹ má yan ẹni tí ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀gá nìkan. Ẹ yan ẹni tí ó ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, tí ó sì lè kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí ọ̀gá bá ń dà yín láàmú, ẹ sọ fún aṣojú kí ọ̀rọ̀ tó bàjẹ́. Ẹ sọ fún ẹlẹgbẹ́ yín méjì. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹni tí ó wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, kí ó lọ sọ fún wọn.

Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ní “ẹ jẹ́ kí a da iṣẹ́ sílẹ̀,” ẹ ronú dáadáa. Òfin kan tí ó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2018 fi ààlà sí ìyanṣẹ́lódì: kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ méjì lọ nínú oṣù kan, ọjọ́ méje nínú oṣù mẹ́fà, ọjọ́ mẹ́wàá nínú ọdún kan. Àwọn ti 1947 lo oṣù márùn-ún. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí ti fún ọ̀gá ní ìdí. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ tí ó mọ òfin ṣáájú yín.

Bí wọ́n bá ti lé yín ńkọ́?

Ẹ má sunkún síwájú ọ̀gá. Ẹ má bẹ̀bẹ̀ títí dìgbà tí ẹ ó tẹ̀ka sórí ohun kan. Ẹ ṣe báyìí:

1. Ẹ béèrè ìwé tí ó sọ ìdí. Ẹ gbà á. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fọwọ́ sí i pé ẹ gbà á, ẹ kọ ọjọ́ òní sí i kí ẹ tó fọwọ́ sí i.
2. Ẹ béèrè certificat de travail.
3. Ẹ kó ìwé yín: àdéhùn, bulletin de paie, ìwé kékeré yín, àwọn ìdáhùn yín.
4. Ẹ lọ sọ́dọ̀ alábòójútó iṣẹ́ ti ìjọba. Inspecteur du travail ni kí ẹ béèrè. Bí ẹ kò bá mọ ibi tí ó wà, ẹ béèrè ní mairie. Ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́. A kì í sanwó fún un. Bí ẹnì kan bá béèrè owó lọ́wọ́ yín kí ó tó gbọ́ ẹjọ́ yín, kì í ṣe òfin ló rán an.
5. Alábòójútó á pe ẹ̀yin àti ọ̀gá, á wá bí ọ̀rọ̀ yóò ṣe yanjú. Bí ẹ bá gbà, wọ́n á kọ ọ́. Ẹ kà á kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Bí ẹ kò bá gbà, á kọ ìwé pé kò yanjú. Ìwé náà ni ẹ máa mú lọ sí ilé ẹjọ́ iṣẹ́. Ẹ kò lè lọ sí ilé ẹjọ́ kí ẹ tó kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ alábòójútó.

Bí adájọ́ bá rí i pé wọ́n lé yín láìtọ́, òfin 2017 ní kí owó ìtánràn tí ọ̀gá máa san fún yín má dín sí owó oṣù mẹ́ta, kí ó má sì ju owó oṣù mẹ́sàn-án lọ. Ẹlòmíràn á ní ó kéré. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Owó oṣù mẹ́sàn-án kò lè sanwó ọdún 20 tí ènìyàn fi agbára rẹ̀ sílẹ̀ níbì kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ìwé ni ó máa rí i gbà. Ẹni tí kò ní ìwé, àní owó oṣù mẹ́ta náà á fò ó kọjá.

Iṣẹ́ ilé yín

Lẹ́tà kan rèé. Ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta sínú ìwé yín, kí ọwọ́ yín lè mọ̀ ọ́n:

“Sí Ọ̀gá ilé iṣẹ́,
Ní òwúrọ̀ òní, mo wá síbi iṣẹ́ ní aago 7. Ẹ ní kí n máa lọ sílé. N kò fi iṣẹ́ mi sílẹ̀. Mo ṣe tán láti ṣiṣẹ́. Mo bẹ̀ yín kí ẹ kọ ìwé fún mi, kí ẹ sì sọ ìdí tí ẹ fi ní kí n máa lọ.
Èmi ni,
Orúkọ mi, ọjọ́ òní.”

Bí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́, kí ọmọ yín tí ń lọ sí ilé ìwé, tàbí olùkọ́ yín, kọ ọ́ ní èdè Faransé. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin fúnra yín kọ́kọ́ kọ ọ́ ní èdè wa, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ń sọ. Ẹ ṣe é ní ẹ̀dà méjì. Nígbà tí ẹ bá mú un lọ, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tiyín.

Mo ní ẹ̀gbọ́n mi kò sọ̀rọ̀ mọ́ ní ọjọ́ náà. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ó wọ kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Ó jókòó sí ìlà iwájú, àárín àwọn tí ó tó ọmọ fún un. Ó ti lè kọ orúkọ rẹ̀. Oko ló ń ṣe báyìí, kò sì ní ọ̀gá mọ́. Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìwé kan fún un, ìbáà ṣe ìwé ẹgbẹ́ àgbẹ̀, ìbáà ṣe ìwé ìgbéyàwó ọmọ, a ní: “Ẹ dúró ná, n ó kà á.” Ó máa ń pẹ́ lórí rẹ̀. Gbogbo wa a dúró dè é.

Ẹ̀yin náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró dè yín.